Ìyá Tàpólì Nípàdé Ògiri Òkun

Tàpólì ni obìnrin tí a ń wí yìí ń rán. Ìbòrí ọkọ̀ ojú omi, ìbòòji iwájú ṣọ́ọ̀bù, èyí tí wọ́n ń nà bo ẹrù lórí ọkọ̀ akẹ́rù, gbogbo ohun tó bá ti nípọn débi tí abẹ́rẹ́ àwọn aránṣọ tó kù fi ń kán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di Ìyá Tàpólì nìyẹn. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnì kan bá fi orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ pè é, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ní òpópónà tó já tààrà sí etíkun. Bó bá gbójú sókè nídìí maṣíìnì, òkun ló máa rí ní ìpẹ̀kun òpópónà, bí àlejò tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń retí kí wọ́n ní kó wọlé.

Ẹ̀rù òkun yẹn ń bà á. Ohun tó sì ń pa àdúgbò lẹ́rìn-ín ni pé awakọ̀ ojú omi ni ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà fi ọjọ́ ayé rẹ̀ gbé èrò sọdá láti èbúté yìí sí òdìkejì kí orókún rẹ̀ tó kọṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ kò wọ ọkọ̀ náà rí. Ọkùnrin náà á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, á na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sórí àpótí, á máa sọ fún àwọn oníbàárà pé, "Gbogbo ìlú ni mo gbé sọdá. Ẹyọ ìyàwó kan tí mo fẹ́, etí omi ni mo fi í sílẹ̀ sí." Ìyá Tàpólì á rẹ́rìn-ín, kò ní jiyàn. Ó mọ ara rẹ̀. Ó ń bẹ̀rù omi, ó ń bẹ̀rù ajá, ó ń bẹ̀rù kí wọ́n pe òun láàárín èrò. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ti òkun, ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ti òmùgọ̀. Òkun ń jẹ ilẹ̀ àdúgbò wọn. Pápá tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí òun ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, omi ti gbé e lọ. Bí ìjì bá jà, omi iyọ̀ á wọ yàrá àwọn tó ń gbé ìlà ilé iwájú, wọ́n á máa gbé bẹ́ẹ̀dì lé orí bíríkì. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe búrẹ́dì, ló ń gbé ibi tó burú jù, ní ṣóńṣó ilẹ̀ kan tó nà wọ inú omi bí ìka. Bí omi bá kún, ọ̀nà ibẹ̀ á bọ́ sábẹ́ omi, ọkọ̀ ni wọ́n máa fi dé ibẹ̀ títí omi á fi fà.

Nígbà tí ìròyìn dé pé ìjọba fẹ́ mọ ògiri dí òkun, inú gbogbo ènìyàn dùn. Ìdùnnú náà kò pẹ́. Ọ̀nà méjì ló wà tí wọ́n lè gbà mọ ọ́n. Bí wọ́n bá mọ ọ́n síwájú, létí omi gan-an, gbogbo òpópónà ni yóò wà lẹ́yìn ògiri, ṣùgbọ́n èbúté á dí, àwọn apẹja á sì máa lọ so ọkọ̀ wọn mọ́ ibi jíjìn tí wọn kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá mọ ọ́n sẹ́yìn, èbúté á wà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n àwọn ilé iwájú á bọ́ sọ́wọ́ òkun, wọ́n á sì kó àwọn tó ń gbé inú wọn lọ síbòmíràn. Ohun tí yóò gba ẹnì kan là ni yóò pa ẹnì kejì lára, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n sì ń gbé.

Òfin wá sọ pé wọn kò gbọdọ̀ to òkúta kan lé èkejì láìgbọ́ tẹnu àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Òpópónà kọ̀ọ̀kan ní láti yan ẹnì kan tí yóò máa bá àwọn aṣètò jókòó. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Wọ́n ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin kan ní àdúgbò tó wà lápá òkè etíkun, tó sọ̀rọ̀ le nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀: nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èédú ló bá níbi tó so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ tí òpópónà wọn pàdé, gbogbo ojú ń sá fún ara wọn. Bàbá àgbà kan tó jẹ́ olórí àwọn apẹja, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Èbúté, ló kọ́kọ́ dárúkọ Ìyá Tàpólì. Kíá ni àwọn ará iwájú náà ní àwọn gbà. Àwọn apẹja gbà nítorí pé ọmọ omi ni ọkọ rẹ̀. Àwọn ará iwájú gbà nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni àbúrò rẹ̀ ń gbé. Ìhà kọ̀ọ̀kan rò pé tòun ni. Àgbò tí kì í kàn ni wọ́n ń wá.

"Ẹ jọ̀ọ́," Ìyá Tàpólì wí, "èmi ò mọ̀rọ̀ọ́ sọ."

"Ìdí tá a fi mú yín gan-an nìyẹn," Ọ̀gá Èbúté dáhùn. "Àwọn tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ ti pọ̀ jù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì túká kó tó lè sọ òmíràn.

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Àga àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n tò síbẹ̀, àwọn àgbàlagbà á ká orókún mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ. Wọ́n na àwòrán etíkun sára ògiri, ọ̀dọ́bìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíyàwòrán ilẹ̀ sì ń fi ọ̀pá ṣàlàyé. Ayàwòrán ni gbogbo wọn ń pè é. Kò gbéraga, kò sì kánjú. Lẹ́yìn tó ti ṣàlàyé tán, ọ̀gá rẹ̀ tó jókòó níwájú wo aago, ó ní kí àwọn ará àdúgbò na ọwọ́ sókè, kí wọ́n ka èyí tó pọ̀ jù, kí kálukú máa lọ ilé.

Ibẹ̀ ni àyà Ìyá Tàpólì ti kọ́kọ́ já gidi. Àwọn apẹja tò sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, wọ́n ká apá mọ́yà, wọ́n ń wo ọwọ́. Nígbà tí wọ́n pe àwọn tó fẹ́ kí ògiri wà lẹ́yìn, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá fẹ́ na tirẹ̀ á kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Opó kan tó ń gbé ilé tó súnmọ́ omi jù ní ìlà iwájú na ọwọ́ pẹ̀lú. Ilé tirẹ̀ gan-an ni ògiri ẹ̀yìn máa fi sílẹ̀ fún òkun. Ìyá Tàpólì wo ọwọ́ yẹn. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé ẹ̀rù ló gbé ọwọ́ yẹn sókè. Òun alára kò na ọwọ́ fún èyí, kò na ọwọ́ fún ìyẹn. Gbogbo wọn ló rí i. Wọ́n kọ iye ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò tún pàdé kí àwọn tó kéde.

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti ní ìsinmi mọ́. Àbúrò rẹ̀ gbé búrẹ́dì wá, kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò na ọwọ́. Ṣé ibi tí mo kọ́ ààrò mi sí ni kí omi wá máa gbé?"

"Mo ṣì ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ni."

"Ohun wo lẹ tún ń gbọ́? Ilé àbúrò yín ni."

Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ náà ń wá, wọ́n á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ èbúté pa ìtàn, bíi pé àwọn kò mọ̀ pé ó ń gbọ́. Ọkọ rẹ̀ kò bá wọn dá sí i. Ó kàn sọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé, "Mi ò ní sọ fún ọ ohun tí wàá ṣe. Ṣùgbọ́n èbúté yẹn la ti pàdé." Ìyẹn náà wúwo ju kó ti pariwo lọ. Àárín méjì tó wà yìí, kò mọ èyí tí yóò fara tì nínú wọn tí kò ní wó lé e lórí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn mú. Ó na tàpólì funfun fífẹ̀ kan sí àárín ṣọ́ọ̀bù, látòkè dé ilẹ̀, ó ń wá ibi tó ti ń jò. Ọkọ rẹ̀ ti wọlé lọ rẹjú. Bó ṣe ń fi ìka tọ ojú rírán, òjìji ènìyàn bọ́ sórí aṣọ náà láti òdìkejì, ó dúró. Ó rò pé oníbàárà ni.

"Ẹ wọlé," ó wí.

Òjìji náà kò wọlé. Ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gba ènìyàn nímọ̀ràn. "Ìyá Tàpólì, ẹ ò na ọwọ́ lọ́jọ́ yẹn. A rí i. Ẹ tètè mọ ibi tí ẹ wà. Aṣọ tí ẹ ń rán yìí, iná kì í pẹ́ ràn mọ́ ọn."

Kì í ṣe ohùn àjèjì. Ohun tó bà á lẹ́rù jù nìyẹn. Ó dájú pé ohùn yìí ti kí i rí, ó ti bá a ṣàwàdà rí, bóyá ó ti bá a dúnàá-dúrà orí ìbòrí ọkọ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ báyìí, kò dá a mọ̀. Kò tilẹ̀ sọ ìhà tó ń sọ̀rọ̀ fún, bóyá iwájú, bóyá ẹ̀yìn. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà á láti yí aṣọ náà po, kò bá ẹnikẹ́ni. Òpópónà wà bó ṣe máa ń wà: oníkẹ̀kẹ́ kan ń kọjá, ẹnì kan ń fọ ẹnu ọ̀nà, àwọn apẹja méjì ń gbé àwọ̀n lọ sísàlẹ̀. Gbogbo wọn ló kí i. Ó dá wọn lóhùn, ó ń wo ẹnu wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀.

Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó rò pé bí òun kò bá sọ ọ́ jáde, yóò rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, nígbà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, gbogbo tàpólì tó ti rán parí, tó ká jọ fún àwọn tó ni wọ́n, ni wọ́n ti fi ọ̀bẹ fà ya. Wọn kò mú nǹkan kan lọ, wọn kò da maṣíìnì nù. Ẹni tó ṣe é kò kánjú. Ojú ọ̀bẹ náà tọ́ bí ìgbà tí wọ́n fi igi ìwọ̀n fà á. Ọ̀bẹ mímú ni. Àwọn tó sì ní ọ̀bẹ mímú ládùúgbò náà kò lóǹkà: àwọn apẹja, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, àbúrò rẹ̀ gan-an tó ń gé búrẹ́dì. Ìgbà tó ro ti àbúrò rẹ̀ mọ́ ọn ló tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àkísà, tí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹ̀rù tó mú òun dé ibi tí òun ti ń fura sí ọmọ ìyá òun, ó ti pọ̀ jù.

Ọkọ rẹ̀ rọra jókòó tì í pẹ̀lú orókún tó ń dùn ún. Kò ṣàwàdà. "Fi í sílẹ̀," ó wí. "Kí ẹlòmíràn lọ jókòó síbẹ̀. Ojú là ń rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ògiri gbà ọ́ lọ́wọ́ mi."

"Mo ń lọ báyìí," ó dáhùn.

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ló gbà lọ. Ó bá Ayàwòrán nìkan níbẹ̀, tó dúró lórí àga, tó ń kan àwòrán mọ́ ògiri.

"Màmá, ẹ káàárọ̀. Ìpàdé ò tíì tó o."

"Mo mọ̀. Mo wá sọ pé mi ò ṣe mọ́ ni."

Ọ̀dọ́bìnrin náà sọ̀kalẹ̀. Ó béèrè ìdí. Ìyá Tàpólì ti múra láti sọ pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ̀rù ń bà mí." Ọ̀rọ̀ náà wá di omi tó já. Ó sọ nípa òjìji, ó sọ nípa ọ̀bẹ, ó sọ nípa ọwọ́ opó ìlà iwájú. "Ẹ ní kí wọ́n na ọwọ́. Ta ló lè na ọwọ́ lójú ẹni tí yóò bá pàdé lọ́nà? Ọwọ́ tí ẹ kà yẹn, ẹ̀rù ni ẹ kà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú wọn, ẹ lọ bá wọn nílé, kí wọ́n tilẹ̀kùn."

"Mo rí àwọn ọwọ́ yẹn náà," Ayàwòrán wí. "Mo sọ fún ọ̀gá mi. Ó ní iṣẹ́ ti pẹ́, pé bí mi ò bá fẹ́ ẹ, àwọn tó fẹ́ iṣẹ́ mi pọ̀ níta. Mo bá dákẹ́." Ó wo ilẹ̀. "Màmá, ẹ̀rù ń ba èmi náà."

Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀ láàárín àwọn àga kéékèèké náà. Ní ìkẹyìn Ayàwòrán ní òun yóò ṣe é, kí ọ̀gá òun bínú tó bá fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè ṣe é. "Bí wọ́n bá rí èmi nìkan lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò ní ṣílẹ̀kùn. Ẹ bá mi lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ wá fi í sílẹ̀."

Ìyá Tàpólì kò mọ bí òun ṣe dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó délé tó ròyìn, ọkọ rẹ̀ wò ó tìyanu-tìyanu. "O lọ sọ ẹrù kalẹ̀," ó wí, "o wá gbé ńlá bọ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé dé ilé. Ìyá Tàpólì ń tẹ́tí sí ohùn gbogbo ọkùnrin tó bá kí i. Bí ẹnì kan bá fún un ní omi mu, á di ife náà mú títí wọ́n á fi jáde, kò ní fi í kan ẹnu. Ayàwòrán ni í béèrè ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ Ìyá Tàpólì kò ju pé kó jókòó síbẹ̀ lọ, kí ojú tí wọ́n mọ̀ lè wà nínú yàrá.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ opó ìlà iwájú. Ògiri yàrá rẹ̀ ti hu iyọ̀ funfun títí dé ìbàdí ènìyàn. Ìyá Tàpólì sọ fún un jẹ́jẹ́ pé kó má bẹ̀rù, kó sọ tinú rẹ̀, pé òun mọ̀ pé kì í ṣe tinútinú ló fi na ọwọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Opó náà wò ó. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Mo na ọwọ́ nítorí pé mo fẹ́ lọ. Ó ti sú mi. Kí wọ́n kó mi lọ síbi tí bàtà mi ò ní máa léfòó ní yàrá. Àwọn tí ò fẹ́ kí n lọ ni mò ń bẹ̀rù, kì í ṣe àwọn apẹja."

Ìyá Tàpólì ti rò pé òun ń rí inú àwọn ènìyàn láti ara ọwọ́ wọn. Bó ṣe jáde níbẹ̀, ẹ̀rù tuntun mú un, pé bóyá gbogbo ohun tí òun ti gbà gbọ́ nípa aládùúgbò òun kò rí bẹ́ẹ̀.

Ilé Ọ̀gá Èbúté ló wá ń bà á lẹ́rù jù. Bàbá náà gbà wọ́n wọlé, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ lọ ra nǹkan wá níta, ó sì dìde fúnra rẹ̀ lọ pa fèrèsé dé. Yàrá náà ṣókùnkùn lójijì. Ìyá Tàpólì wo ilẹ̀kùn, ó wo bó ti jìnnà tó. Bàbá náà jókòó, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ mọ ọ́n síwájú," ó wí.

Ayàwòrán rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Bàbá, síwájú? Èbúté ńkọ́?"

"Ọkọ̀ lè rìn lọ síbi tó jìnnà. Ilé ò lè rìn. Àtìgbà tí ìjì ti wọlé bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀kan, orí àga yìí ni mo ti ń sùn, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Èmi, ọmọ omi." Ó nu ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn mi, ojú mi ni wọ́n ń wò. Bí mo bá yẹ̀, mi ò jẹ́ nǹkan kan mọ́ létí omi yẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo sọ báyìí, màá ní irọ́ ni. Màá sì pariwo rẹ̀."

Ojú Ìyá Tàpólì ni ó ń wò nígbà tó sọ èyí. Ohùn rírẹlẹ̀ yẹn wọ̀ ọ́ létí. Ó jọ èyí tó gbọ́ lẹ́yìn tàpólì. Kò dá a lójú. Gbogbo ohùn ọkùnrin tó bá ti rẹlẹ̀ ló ti ń jọ ọ́. Ó mi orí pé òun ti gbọ́, ó sì jáde pẹ̀lú àṣírí bàbá tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó fa aṣọ rẹ̀ ya. Títí di òní, kò mọ̀ bóyá bàbá náà ni tàbí ẹlòmíràn.

Ṣóńṣó ilẹ̀ ló kù. Ọjọ́ tí Ayàwòrán ráyè, omi ti kún bo ọ̀nà. Ìyá Tàpólì dúró létí èbúté, ó wo omi, ó ní òun á dúró de ìgbà tó bá fà. Ṣùgbọ́n Ayàwòrán ní láti gbé iṣẹ́ náà lọ fún ọ̀gá rẹ̀ kó tó di ọjọ́ kejì. Ọkọ Ìyá Tàpólì, tó tẹ̀ lé wọn wá, tiro lọ sídìí ọkọ̀ kékeré kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yá a, ó jókòó sídìí àjẹ̀, ó na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀.

"Ojú mi ni kó o máa wò," ó wí. "Má wo ìsàlẹ̀."

Bí Ìyá Tàpólì ṣe gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ọkọ̀ yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó kígbe. Ó di etí ọkọ̀ mú títí èékánná rẹ̀ fi funfun. Omi ń lù lábẹ́ pákó, ó ń gbọ́ ọ nínú egungun ìbàdí rẹ̀, bí ohun tó ń kanlẹ̀kùn láti ìsàlẹ̀. Ìgbì kan wá láti ẹ̀gbẹ́, ó fọ́n sí i lójú, ó sì dá a lójú pé ó ti tán. Ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Ọkùnrin tó ti ń fi í ṣàwàdà láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò rẹ́rìn-ín, kò sọ̀rọ̀, ó ń tu ọkọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin.

Àbúrò rẹ̀ wà nídìí ààrò nígbà tí wọ́n dé. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tutù rin, tó ń gbọ̀n, ó ju aṣọ ìnura sí i. "Ẹ̀yin lẹ wọkọ̀? Ó dáa, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ti dénú yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: síwájú ni kí wọ́n mọ ọ́n."

Ayàwòrán wo Ìyá Tàpólì, ó wo àbúrò. "Ìyá Oníbúrẹ́dì," ó wí, "mi ò ní parọ́ fún yín. Bí wọ́n mọ ọ́n síwájú, bí wọ́n mọ ọ́n sẹ́yìn, ọrùn ilẹ̀ yìí ni ògiri máa dúró sí. Kò ní dé ọ̀dọ̀ yín. Abẹ́ ilẹ̀ ibí ti ṣófo, kò lè gbé òkúta."

Iná nìkan ló ń ta nínú ààrò. Àbúrò náà yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ mọ̀?"

"Mi ò mọ̀," Ìyá Tàpólì wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo rí i lórí àwòrán pé ìlà náà ò dé ibí. Ẹ̀rù bà mí láti béèrè."

Àbúrò rẹ̀ padà sídìí búrẹ́dì rẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wọn títí wọ́n fi lọ. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà, Ìyá Tàpólì kò tilẹ̀ rántí omi. Ẹni tó sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà; òun ló ní kí wọ́n lọ ilé dé ilé.

Ọjọ́ tí wọ́n kéde ohun tí wọ́n fẹnu kò sí, gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá Ayàwòrán ló kà á, bí ẹni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òun ti fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Iwájú ni ògiri máa gbà, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn tó pọ̀ jù fẹ́ nígbà tí wọ́n bi wọ́n nílé. Wọ́n á dá ẹnu kan sí i níbi èbúté, tí ọkọ̀ á máa gbà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á sì máa fi ilẹ̀kùn dí bí ìjì bá ń bọ̀. Àwọn tó ń gbé ṣóńṣó ilẹ̀, àti ẹnikẹ́ni ní ìlà iwájú tó bá wù láti kúrò, á gba ilé lórí ilẹ̀ gíga tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, gbogbo wọn lójú kan náà, kí wọ́n má baà tú wọn ká.

Ọ̀gá Èbúté dìde. Ó pariwo. Ó ní ẹnu ọ̀nà kan kò tó, ó ní wọ́n ti ta àwọn apẹja, ó ní òun fẹ́ mọ àwọn tó ní àwọn fẹ́ ẹ síwájú. Àwọn ọ̀dọ́ apẹja tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sójú Ìyá Tàpólì, ó sì dúró síbẹ̀. Ìyá Tàpólì mọ̀ pé gbólóhùn kan péré lẹ́nu òun lè wó bàbá yìí lulẹ̀, ó sì mọ̀ pé bàbá náà mọ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan, ó pa ẹnu mọ́. Bàbá náà jókòó. Apẹja kan ní, "Ẹ kúkú sọ̀rọ̀, Ìyá Tàpólì, ṣé ẹ̀yin la rán." Ìyá Tàpólì dìde.

"Mi ò ní sọ ohun tí ẹnikẹ́ni sọ fún mi nílé rẹ̀," ó wí. "Ẹ fa gbogbo aṣọ mi ya, mi ò ní sọ."

Ẹni tó ya aṣọ rẹ̀ lè wà níbẹ̀. Ó tilẹ̀ dájú pé ó wà níbẹ̀. Ìyá Tàpólì jókòó.

Àbúrò rẹ̀ kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó kó lọ sí ilẹ̀ gíga pẹ̀lú àwọn tó kù, ó kọ́ ààrò tuntun. Búrẹ́dì rẹ̀ ń dé òpópónà, ẹlòmíràn ló ń gbé e wá. Ìyá Tàpólì ń ra tirẹ̀, kò ránṣẹ́ sí i. Àwọn oníṣẹ́ ti ń to òkúta létí omi, ariwo wọn ni ó ń gbọ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nídìí maṣíìnì, ṣùgbọ́n ògiri kò tíì dé ìdajì nígbà tí àsìkò ìjì wọlé.

Ọ̀sán ọjọ́ tí ìjì ńlá jà, ojú ọjọ́ ṣú bí ìrọ̀lẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti gbé àpò iyanrìn sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìyá Tàpólì dúró ní fèrèsé òkè, ó ń wo ìpẹ̀kun òpópónà. Nígbà náà ló rí ẹnì kan tó ń bọ̀ nínú òjò, tó fi àpò ìyẹ̀fun bo orí. Àbúrò rẹ̀ ni. Ó gun àtẹ̀gùn wá, ó tutù rin, kò kí wọn.

"Láti ibí lèèyàn ti lè rí i," ó wí.

Wọ́n jọ dúró. Láàárín òjò, wọ́n ń rí ṣóńṣó ilẹ̀ náà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, àti òrùlé ilé tó ti ṣófo. Ìgbì kan kọjá lórí rẹ̀, òrùlé ṣì wà. Òmíràn kọjá. Lẹ́yìn èyí tó tẹ̀ lé e, wọn kò rí òrùlé mọ́. Kò sí ariwo. Ó jìnnà jù. Àbúrò rẹ̀ dì í lápá mú, ìka rẹ̀ le koko.

"Inú ilé yẹn ni ǹ bá wà," àbúrò náà wí.

Omi ti gba ìlà iwájú kọjá, ó ń bọ̀ lórí òpópónà wọn, pupa, ó ru igi àti korobá lọ́wọ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó fọwọ́ kan àpò iyanrìn, ó dúró díẹ̀, ó fà sẹ́yìn, ó tún padà wá. Ọkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń wọ́ nǹkan. Títí tí ìjì fi rọlẹ̀, kò sí ẹni tó jókòó nínú wọn.

Nígbà tí ojú ọjọ́ là, Ayàwòrán wá. Ó ní òpópónà kọ̀ọ̀kan tún gbọ́dọ̀ rán ènìyàn wá jókòó lórí ìyókù ògiri náà àti ẹnu èbúté, àti pé àwọn ará ilẹ̀ gíga náà ti yan tiwọn.

"Ta ni wọ́n yàn?" Ìyá Tàpólì béèrè.

Àbúrò rẹ̀, tó ń fún omi lára aṣọ nídìí maṣíìnì, ní òun ni. Ó ní bí ẹ̀gbọ́n òun kò bá fẹ́ béèrè ohun tó bá rí lórí àwòrán, òun á máa bá a béèrè.

Wọ́n jọ lọ sí ìpàdé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Lójú ọ̀nà, Ìyá Tàpólì ń wá ohun tó máa sọ tí yóò fi padà sílé. Kò rí i. Àbúrò rẹ̀ ti wọlé ṣáájú, ó ń fa àga fún un.